Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Ètò Onípátákó Tí Yóò Dá Àmì Ohùn Padà Sórí Ọ̀rọ̀ Yorùbá

Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta wọ̀nyí, bí àwọn èèyàn ṣe ń tẹ̀ wọ́n lórí fóònù gan-an:

Oko mi wa ni Ido, mo fe ro o lola.
Oko mi wa ni Ido, taya re lo fo.
Oko mi wa ni Ido, o ni ki n ki yin.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ síra rárá. Síbẹ̀, oko ni ti àkọ́kọ́, ọkọ̀ ni ti ìkejì, ọkọ ìyàwó sì ni ti ìkẹta. Ọmọ Yorùbá kì í ronú pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n, torí ó ti gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ kó tó pinnu ohun tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Mo ń bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Àgbowó, ní Ìbàdàn, ṣiṣẹ́, ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣubú. Wọ́n á to iṣẹ́ náà sórí ìlà kan ṣoṣo: ìgbésẹ̀ kìíní á yan ọ̀rọ̀, á tì í sọ́wọ́ ìkejì, ìkejì á tì í sọ́wọ́ ìkẹta. Kí ètò tó dé ibi tí "taya" wà, ó ti kọ "oko" sílẹ̀ bó ṣe wù ú, kò sì sí ọ̀nà tí yóò gbà padà sẹ́yìn. Wọ́n á wá máa fi "bí ó bá jẹ́ báyìí" kún "bí ó bá jẹ́ báyìí", títí ẹni tó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ kò fi ní lè kà á mọ́.

Ètò onípátákó ni mo fẹ́ fi hàn yín. Ẹ fojú inú wo pátákó ńlá kan nínú kíláàsì. Àwọn onímọ̀ dúró yí i ká, oníkálùkù pẹ̀lú ẹyọ ohun kan tó mọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá rí ohun tó kàn án lórí pátákó á lọ kọ àbá tirẹ̀ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Pátákó nìkan ni gbogbo wọn ń wò. Alákòóso kan wà tó ń sọ ẹni tí ọwọ́ kàn. Pátákó, onímọ̀, alákòóso, àbá: ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ni a ó máa lò títí dé ìparí.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní Python 3 ti tó. Ètò yìí kò nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ìyẹn sì ṣe pàtàkì fún wa tí iná ń lọ mọ́ lọ́wọ́.

Ẹ kó 60 àtẹ̀jíṣẹ́ gidi jọ bí àwọn tó fi wọ́n ránṣẹ́ ṣe tẹ̀ wọ́n, láìtún nǹkan kan ṣe. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n, kí ẹ sì yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù kúrò. Ẹ mú 20 nínú wọn pamọ́ lónìí yìí, kí ẹ má sì wò wọ́n mọ́ títí di ìgbésẹ̀ ìdánwò.

Ẹ wá ẹnì kan tó mọ àmì ohùn fi sí dáadáa. Kéèyàn gbọ́ Yorùbá kò tó o. Ọ̀pọ̀ wa ló gbọ́ ọ tí a kò lè fi àmì sí ìlà méjì láìṣì í. Olùkọ́ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama ló dára jù.

Ẹ tún nílò páálí ńlá kan, pẹ́ńsù, ìwé àkọsílẹ̀ kan, àti àkójọ ọ̀rọ̀ tó ní nǹkan bí 30 ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, tí gbogbo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ wà níwájú rẹ̀. "Oko" ní oko, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀. "Owo" ní owó, ọwọ́, ọwọ̀, ọ̀wọ̀, òwò. "Ile" ní ilé àti ilẹ̀. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí mọ̀ pé ìyàtọ̀ méjèèjì kì í ṣe kékeré. Ẹ má tíì kó odindi ìwé atúmọ̀ èdè wọlé o. Bí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ètò ló ṣì í ni àbí àkójọ ọ̀rọ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ fi èèyàn ṣe é

Ìgbésẹ̀ yìí ni gbogbo èèyàn ń fò, òun sì ni mi ò ní gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ mi kankan kó fò.

Ẹ lẹ páálí mọ́ ògiri, kí ẹ kọ gbólóhùn ìkejì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìní àmì. Ẹ pe èèyàn mẹ́rin. Ọ̀kan mú àkójọ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀kan mọ orúkọ àdúgbò Ìbàdàn nìkan. Ọ̀kan mọ ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan máa ń bá rìn: a máa ń ro oko, a máa ń wa ọkọ̀, a máa ń pọ́n ọkọ́. Ẹnì kẹrin mọ ohun tó jẹ́ apá ara ohun mìíràn: táyà jẹ́ ti ọkọ̀, èèkù jẹ́ ti ọkọ́. Ẹ̀yin fúnra yín ni alákòóso. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ la ẹnu. Ẹni tó bá rí nǹkan á nawọ́, ẹ̀yin á yan ọ̀kan, onítọ̀hún á kọ àbá rẹ̀ sókè gbólóhùn náà, á sì fa ìlà láti ibi tó ti rí ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: ta ló nawọ́, kí ló rí tó fi nawọ́, kí ló kọ. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yẹn ni yóò di kóòdù lọ́la.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* Ẹnì kan á pariwo pé, "Ẹ̀yin náà ò rí i ni, ọkọ̀ ni jàre!" Ìmọ̀ tó gba ẹnu jáde yẹn kò sí lórí páálí, kọ̀ǹpútà kò sì ní í ní. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ bi í pé: "Kí lẹ rí?" Ìdáhùn rẹ̀ ni onímọ̀ karùn-ún tí ẹ kò mọ̀ pé ẹ nílò.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbé ìwé náà fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bí ó bá lè tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìbi yín ní ìbéèrè kankan, ẹ tẹ̀síwájú.

2. Ẹ ya pátákó

Pátákó ní ìpele. Fún iṣẹ́ yìí, mẹ́rin ti tó: lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ní àmì wà lórí rẹ̀, àpólà wà lórí ọ̀rọ̀, kókó ohun tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń sọ wà lókè pátápátá. Hearsay-II, ètò tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu tí wọ́n kọ́ ní Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1970, lo irú àtẹ̀gùn báyìí láti orí ìró dé orí ọ̀rọ̀, títí dé orí gbólóhùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé àbá kì í gùnkè nìkan. Ó tún ń sọ̀ kalẹ̀: bí kókó ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́, ìmọ̀ yẹn lè sọ̀ kalẹ̀ wá ran ọ̀rọ̀ tó ṣòro lọ́wọ́.

Gbogbo ohun tó bá wà lórí pátákó jẹ́ àbá, ìrísí kan náà sì ni gbogbo àbá ní:

```
aba = {
    "nomba": 7,
    "ipele": "oro",
    "bere": 0,
    "pari": 0,
    "iye": "ọkọ̀",
    "iwon": 0.20,
    "eri": [1],
    "onimo": "atumo",
    "ipo": "wa"
}
```

"Bere" àti "pari" ń sọ ibi tí àbá náà wà nínú gbólóhùn. A ń ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sí 0. "Iwon" jẹ́ bí a ṣe gbà á gbọ́ tó, láti 0 dé 1. "Eri" ni nọ́ńbà àwọn àbá tí ó dúró lé. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo "eri". Òun ló máa gbà yín ní ìgbésẹ̀ karùn-ún. Mi ò fi àmì sórí orúkọ inú kóòdù kí àtẹ bọ́tìnnì oríṣiríṣi má bàa dà wá láàmú.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í, ó sì pọ̀ jù:* "ọkọ̀" tí fóònù kan tẹ̀ àti "ọkọ̀" tí òmíràn tẹ̀ lè jọra lójú kí kọ̀ǹpútà sì kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì. Lẹ́tà ọ tó ní àmì ohùn lórí kò ní ẹyọ kóòdù kan tó jẹ́ tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Àmì yẹn máa ń dá dúró lẹ́yìn lẹ́tà ni, ẹlòmíràn sì ń fi àmì ohùn síwájú kó tó fi àmì abẹ́ sí i. Kí ohunkóhun tó dé orí pátákó, ẹ gbé e gba `unicodedata.normalize("NFC", oro)`, tó ń sọ gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà tẹ lẹ́tà kan náà di ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ pátá, àti àkójọ ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú. Mo ti rí ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta wá àṣìṣe nínú alákòóso rẹ̀, ibí yìí ni àṣìṣe náà wà.

Ìkejì: ẹ má ṣe pa àbá rẹ́. Bí a bá kọ àbá kan sílẹ̀, ẹ yí "ipo" rẹ̀ padà sí "ko duro mo". Ẹ̀rí tuntun lè jí i padà, ẹ̀yin náà á sì fẹ́ mọ̀ lẹ́yìn náà ìdí tó fi ṣubú.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ tẹ `len("ọkọ̀")` lẹ́yìn tí ẹ ti gbé e gba NFC. 4 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ 6, NFD lẹ lò, èyí tó ń tú gbogbo àmì kúrò lára lẹ́tà.

3. Ẹ kọ àwọn onímọ̀

Onímọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nǹkan mẹ́ta péré: ohun tó ń jí i, ohun tó gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kó tó ṣiṣẹ́, àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Jíjí gbọ́dọ̀ yá, torí a ó máa bi gbogbo wọn léèrè ní gbogbo ìgbà. Yíyẹ̀wò lè gba àkókò díẹ̀.

```
class OnimoApaAra:
    def ji(self, isele):
        return isele["ipele"] == "oro" and isele["iye"] in APA_ARA

    def ye(self, patako, isele):
        return patako.oni_re(isele) is not None

    def se(self, patako, isele):
        ibi = patako.oni_re(isele)
        patako.gbe_leyin(ibi, APA_ARA[isele["iye"]], 0.75,
                         eri=[isele["nomba"]])
```

`isele` ni àbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí pátákó. `APA_ARA` ni àkójọ tó sọ pé táyà jẹ́ ti ọkọ̀. `oni_re` ń wá ọ̀rọ̀ tí "re" inú "taya re" ń tọ́ka sí. `gbe_leyin` kì í pa àbá àtijọ́ rẹ́. Ó ń gbè é lẹ́yìn ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú onímọ̀ márùn-ún. Atúmọ̀ ló ń wo lẹ́tà, tó sì ń kọ gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ lè jẹ́, láìyan ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé àwọn kan ń tẹ̀ "sh" dípò ṣ, àwọn mìíràn ń tẹ̀ s lásán.

Onímọ̀ àdúgbò mọ orúkọ ibi. Ẹ fi ìjọba ìbílẹ̀ 11 tó wà ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó fi àdúgbò kún un. Ẹni tí kò mọ̀ pé Ọ̀nà Àrà jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ á wá ọ̀nà kan àti ara ẹnì kan nínú "Ona Ara", "Iwo Road" á sì di "ìwọ". Àmọ́ ẹ jẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá "ni" ló ṣáájú tàbí "Road" ló tẹ̀ lé e, torí ìwọ àti ìwo náà wà nínú èdè wa.

Onímọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe àti onímọ̀ apá ara ni ẹ ti rí lára páálí. Ẹ fi onímọ̀ ìsọ̀rọ̀ kún wọn: ẹni tó bá "ní kí n" ṣe nǹkan, èèyàn ni. Ọkọ̀ kì í ní kí n kí yín.

Nígbà tí àwọn wọ̀nyí bá ti dúró, ẹ wá mú onímọ̀ ohùn wọlé, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń bọ́ sí ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀: "mo rà á", ṣùgbọ́n "mo ra ilé", "ó tà á", ṣùgbọ́n "ó ta ilẹ̀". Onímọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ jí ní ìpele ọ̀rọ̀. Ìpele àpólà ni kó ti jí, lẹ́yìn tí a ti mọ̀ pé àbọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ètò tí mo ti yẹ̀ wò ń kọ "mo rà ilé" torí pé wọ́n gbé ìmọ̀ yìí sí ibi tí kò yẹ.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* Onímọ̀ kan á pe onímọ̀ mìíràn ní tààrà, torí ó yá. Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti padà sórí ìlà kan ṣoṣo tí a sá kúrò lórí rẹ̀. Ohun tí onímọ̀ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀, kó kọ ọ́ sórí pátákó.

Onímọ̀ tún lè máa jí ara rẹ̀: ó kọ àbá, àbá náà jí i, ó tún kọ ọ́. Kí pátákó tó gba àbá, kó wò ó bóyá irú rẹ̀ tó ní ẹ̀rí kan náà ti wà níbẹ̀. Bí ó bá ti wà, kó má gbà á.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ yọ onímọ̀ kan, èyíkéyìí. Ètò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ dé òpin láìkọsẹ̀, kódà bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá dára tó. Bí ó bá kú, àwọn onímọ̀ yín ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn pátákó.

4. Ẹ fún alákòóso ní ọgbọ́n

Bí ètò onípátákó bá bàjẹ́, ibí ló sábà máa ń ti bàjẹ́. Kóòdù rẹ̀ kò gùn. `atojo` ni àtòjọ àwọn iṣẹ́ tó ń dúró de ìgbà tí ọwọ́ á kàn wọ́n, `igba` sì ni iye ìṣísẹ̀ tí a ti ṣe:

```
while atojo and igba < 300:
    ise = max(atojo, key=pataki)
    atojo.remove(ise)
    if not ise.onimo.ye(patako, ise.isele):
        continue
    ise.onimo.se(patako, ise.isele)
    igba += 1
    for isele in patako.isele_titun():
        for o in awon_onimo:
            if o.ji(isele):
                atojo.append(Ise(o, isele))
```

Ẹ kíyè sí i pé a pe `ye` nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó wọ àtòjọ. Pátákó lè ti yí padà láàárín méjèèjì.

Gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ wà nínú `pataki`. Ohun mẹ́ta ni mo máa ń fi wọ̀n ọ́n: bí àbá tó jí onímọ̀ náà ṣe lágbára tó, bí ìjà ṣì ṣe wà tó ní ibi tó fẹ́ lọ kọ nǹkan sí, àti bí iṣẹ́ náà ti pẹ́ tó nínú àtòjọ.

```
def pataki(ise):
    ija = 1 - patako.alafo(ise.ibi)
    return ise.isele["iwon"] * ija + 0.01 * ise.idaduro
```

`alafo` ni àlàfo tó wà láàárín àbá tó ń ṣíwájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn táyà wò ó. Atúmọ̀ kọ àbá márùn-ún sórí "oko", ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0.20. Kò sí àlàfo, ìjà jẹ́ 1. "Táyà" kò ní ẹlẹ́gbẹ́, atúmọ̀ fún un ní 0.90 (ìyókù jẹ́ ti àṣìtẹ̀). Onímọ̀ apá ara jí, ibi tó fẹ́ kọ nǹkan sí ni "oko", nítorí náà pàtàkì rẹ̀ jẹ́ 0.90 × 1, ìyẹn 0.90. Ní àkókò kan náà, onímọ̀ àdúgbò fẹ́ tún "Ìdó" yẹ̀ wò. Àbá náà ti ní 0.70, kò sì ní alátakò: ìjà ku 0.30, pàtàkì rẹ̀ jẹ́ 0.21. Apá ara ló ń lọ ṣáájú. Ọgbọ́n wa nílé náà nìyẹn: ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni à ń kọ́kọ́ pe àgbà sí.

Bí ẹ bá kàn ń mú iṣẹ́ bó ṣe wọlé, ètò á máa tún ohun tó ti dá a lójú ṣe nígbà tí "oko" ṣì ń jà. Bí ẹ bá sì yọ `idaduro` kúrò, onímọ̀ tó lágbára jù á gba gbogbo àyè, àwọn tí ẹ̀rí wọn kéré kò sì ní rí ààyè sọ̀rọ̀ rárá. Ìṣòro kejì yìí burú jù, torí kò ní hàn nínú ìdáhùn.

Àwọn kan á sọ pé kí ẹ fún alákòóso náà ní pátákó tirẹ̀, bí Barbara Hayes-Roth, olùwádìí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣe ṣe nínú BB1, ètò onípátákó tirẹ̀. Ọ̀nà tó dára ni, ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Onímọ̀ márùn-ún kò tíì nílò rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ tẹ ìlà kan jáde fún ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà, onímọ̀, ohun tó rí, ohun tó kọ, pàtàkì rẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kìíní. Kò pọn dandan kí wọ́n bára mu, àmọ́ ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí.

5. Ẹ pa ẹ̀rí pọ̀ láìka ẹ̀rí kan lẹ́ẹ̀mejì

Nígbà tí ẹ̀rí tuntun bá gbe àbá kan lẹ́yìn, mo máa ń pa wọ́n pọ̀ báyìí: ẹ yọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan kúrò nínú 1, ẹ sọ ohun tó kù di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, ẹ sì yọ èsì kúrò nínú 1. "Ọkọ̀" ní 0.20, táyà mú 0.75 wá: 1 − (0.80 × 0.25) jẹ́ 0.80.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ dùn ju ìyẹn lọ. "Ro o" lè jẹ́ "ro ó", ó sì lè jẹ́ "rò ó", torí èèyàn lè fẹ́ ro ọ̀rọ̀ oko rẹ̀ wò lọ́la. "Oko" kò dájú, "ro" náà kò dájú. Àmọ́ àwọn méjèèjì mọ ara wọn. Onímọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe á kọ àbá kan ní ìpele àpólà pé "ro" àti "oko" ń bá ara wọn rìn, ní 0.70, àbá yẹn á sì gbe àwọn méjèèjì lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. "Oko" á di 0.76. "Ro", tó bẹ̀rẹ̀ ní 0.33 láàárín ro, rò àti ró, á di 0.80. Ìlà kan ṣoṣo kò lè ṣe èyí, torí ó gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan kó tó dé orí èkejì.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* Onímọ̀ apá ara rí táyà, ó gbe "ọkọ̀" lẹ́yìn. Ká ní ẹ ti fi onímọ̀ kókó ọ̀rọ̀ kún wọn, èyí tó ń sọ ohun tí àtẹ̀jíṣẹ́ dá lé lórí. Òun náà rí táyà kan náà, ó ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la ń sọ, ó tún gbe "ọkọ̀" lẹ́yìn. Ẹlẹ́rìí méjì kọ́ nìyẹn. Ẹlẹ́rìí kan ló wọ aṣọ méjì. Ẹ tọ "eri" àbá méjèèjì dé gbòǹgbò. Bí gbòǹgbò wọn bá jẹ́ ọ̀kan, ẹ mú èyí tó tóbi jù, kí ẹ má pa wọ́n pọ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi onímọ̀ apá ara sínú ètò lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ̀n "ọkọ̀" gbọ́dọ̀ dúró ní 0.80 gbọin. Bí ó bá gòkè, ètò yín ń ka ẹ̀rí lẹ́ẹ̀mejì.

6. Ẹ kọ́ ọ ní ìgbà tó yẹ kó dúró, àti ìgbà tó yẹ kó dákẹ́

Ètò dúró bí gbogbo ọ̀rọ̀ bá ti ní àbá kan tó dé 0.75 tó sì fi 0.20 ju ìkejì rẹ̀ lọ, tàbí bí àtòjọ bá ṣófo, tàbí bí ìṣísẹ̀ bá pé 300.

Bí àtòjọ bá ṣófo tí ìjà kò tíì parí ńkọ́? Nígbà tí mo kọ ètò mi àkọ́kọ́, mo ní kó mú èyí tó wọ́pọ̀ jù. A ń fi í ka àtẹ̀jíṣẹ́ sókè fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan fi èyí ránṣẹ́: "Oko mi ti ku." Ètò mú "ọkọ", ẹ̀rọ sì kà á sókè. Wọ́n ti ń dá owó ìbánikẹ́dùn kí ẹnì kan tó pe ìyá náà. Ọkọ̀ rẹ̀ ló kú sójú ọ̀nà. Ọkàn mi gbọgbẹ́ lọ́jọ́ náà, mo sì pa ìlà kóòdù yẹn rẹ́ kí n tó sùn.

Ọkọ lè kú, ọkọ̀ lè kú, ọkọ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú mọ́ náà ti kú. Kò sí ẹ̀rí nínú gbólóhùn yẹn tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kò sì sí onímọ̀ tí ẹ lè kọ tó máa rí ohun tí kò sí. Kí ètò kọ "Oko [ọkọ / ọkọ̀ / ọkọ́] mi ti kú", kó sì gbé e síwájú èèyàn.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi gbólóhùn yìí gan-an sínú ìdánwò yín títí láé. Lọ́jọ́ tí ètò bá yan ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nǹkan kan ti bàjẹ́.

7. Ìdánwò

Ẹ mú 20 àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi pamọ́ jáde. Olùkọ́ yín á fi àmì sí wọn láìwo ohun tí ètò kọ. Ọ̀rọ̀ tó lè jẹ́ ju ohun kan lọ nìkan ni kí ẹ kà. Bí ẹ bá ka "mo" àti "mi" mọ́ ọn, máàkì á ga láìsí ìdí.

Ẹ tún kọ ètò ìlà mẹ́wàá kan tó kàn ń mú èyí tó wọ́pọ̀ jù fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí máàkì pátákó yín kò bá ga ju ti ìyẹn lọ, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní, ẹ má padà sí kóòdù. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ onímọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún ìdánwò ṣe. Onímọ̀ tí máàkì kò yí padà nígbà tí ó kúrò kò níṣẹ́ tó ń ṣe, tàbí kó jẹ́ pé alákòóso kò fún un láyè rí. Àkọsílẹ̀ ìṣísẹ̀ ni yóò sọ èwo ni.

8. Bí ẹ bá fẹ́ mú awoṣe èdè ńlá wọ̀ ọ́

Awoṣe èdè ńlá ni irú ètò tó wà nídìí ChatGPT. Ọ̀pọ̀ ló ń béèrè èyí báyìí. Ó ṣeé ṣe: ẹ sọ ọ́ di onímọ̀ kan láàárín àwọn onímọ̀, kó máa kọ àbá sórí pátákó bí àwọn yòókù. Ẹ má fi í ṣe alákòóso, kí ẹ sì má gba ìwọ̀n tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ẹ fi 40 àtẹ̀jíṣẹ́ tó kù dán an wò, kí ẹ fún un ní ìwọ̀n tó bá iye ìgbà tó tọ̀nà mu. Ẹ jẹ́ kó jí nígbà tí ìjà bá ṣì wà tí àwọn yòókù ti sọ̀rọ̀ tán, torí dátà ń náni lówó. Ẹ rí i dájú pé "Oko mi ti ku" ṣì ń jáde pẹ̀lú ohun mẹ́ta lẹ́yìn tí ó wọlé. Irú onímọ̀ yìí kì í fẹ́ dákẹ́.

Fún àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ gbólóhùn mẹ́ta àkọ́kọ́ sí i láìní àmì. Ohun tó gbọ́dọ̀ jáde nìyí:

Oko mi wà ní Ìdó, mo fẹ́ ro ó lọ́la.
Ọkọ̀ mi wà ní Ìdó, táyà rẹ̀ ló fọ́.
Ọkọ mi wà ní Ìdó, ó ní kí n kí yín.